Tẹ̀tẹ̀ Kì Í Tẹ́ Láwùjọ Ẹ̀fọ́

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì máa ń fi gbàdúrà fún ara wa níbi ìkómọ àti níbi ìgbéyàwó: tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Bí àgbàlagbà kan bá ti wí i báyìí, tó fi kún un pé, “O ò ní tẹ́ o,” gbogbo ilé á dáhùn pé, “Àṣẹ!” Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ni ojú tẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ti rí láyé? Èmi náà kò bi ara mi rí. Ìtìjú ló sọ mí di ẹni tó ń wádìí ìtàn tẹ̀tẹ̀, ìtìjú tí mo sì fọwọ́ ara mi fà ni. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí a tó wọ inú ìtàn.

Ní ọdún 1983, òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Surulere ni mò ń gbé, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa àkọ́bí. Ìyá mi ti Ìlá Ọ̀ràngún wá láti wá bá wa tọ́jú ọmọ. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: àpò aṣọ kan, agbọ̀n kan tí iṣu àti gààrí wà nínú rẹ̀, àti kókó kékeré kan tó ta sí etí ìró rẹ̀. Nígbà tó tú kókó náà, hóró dúdú wínníwínní ló wà níbẹ̀, ó ń dán bí ojú eku. Ó ní, “Tẹ̀tẹ̀ ìyá mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á, èmi náà ò sì jẹ́ kó run.” Kí oṣù méjì tó pé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wa tó kọjú sí títì ti kún fún agolo ọ̀dà, abọ́ tánganran tó ti lu, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí etí rẹ̀ ti ya. Tẹ̀tẹ̀ ló yọrí nínú gbogbo wọn. Ìyàwó mi kì í ra ẹ̀fọ́ mọ́.

Ìparí ọdún yẹn ni wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá mi ní òun àti ìyàwó òun yóò wá kí wa ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ojú tì mí. Mo ní, ṣé kí ọ̀gá wọlé kó máa rò pé oko ni mo ṣì wà ni? Ní ọjọ́ Sátidé tí Màámi lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Mushin, mo kó gbogbo agolo àti abọ́ náà, mo da ohun tó wà nínú wọn sí ẹ̀bá gọ́tà lẹ́yìn ilé, mo sì lọ ra òdòdó gidi lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á létí títì. Inú ìkòkò tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ló wà. Ewé òkè rẹ̀ pupa yòò bí ẹ̀jẹ̀, ti àárín pọ́n rúsúrúsú, ti ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Owó tí mo san lórí rẹ̀, n kì í fẹ́ rántí.

Nígbà tí Màámi dé, kò pariwo. Ó dúró níwájú òdòdó náà, ó já ewé kan, ó fi ìka méjì run ún, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Àlàní, èló lo ra tẹ̀tẹ̀ yìí?”

“Màámi, kì í ṣe tẹ̀tẹ̀. Òdòdó òyìnbó ni.”

“Ó dáa. Òyìnbó náà ń jẹun.” Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, “Tèmi dà?”

Mo sọ fún un. Kò bá mi jà. Ó kàn wọ yàrá lọ, ó ní oorun ń kun òun. Ìyàwó mi ló wá bá mi ní ìdákọ́ńkọ́ pé kò sí hóró kankan mọ́ nínú kókó ìró Màmá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti gbìn sínú àwọn agolo yẹn.

Nígbà tó pẹ́, òdòdó tí mo rà gbó. Màámi gbọn orí rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó pè mí kí n wá wò ó. Hóró dúdú wínníwínní, tó ń dán bí ojú eku. Èmi tí mo kàwé, tí mò ń jókòó sí ọ́fíìsì, èmi ni mo da tẹ̀tẹ̀ nù tí mo sì fowó ra tẹ̀tẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọpinpin ọ̀rọ̀ ewé yìí nínú ìwé. Ohun tí mo sì rí ni pé èmi nìkan kọ́ ni mo ti da tẹ̀tẹ̀ nù rí. Àwọn aláṣẹ ńlá ti kọ̀ ọ́, àwọn àlùfáà ti gbógun tì í, àwọn àgbẹ̀ olóko ńlá sì ń náwó lórí bí yóò ṣe kú lónìí olónìí. Kò kú. Ìdí tí kò fi kú ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ.

Ẹ̀wù Jósẹ́fù

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Màámi sọ. Amaranthus ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pe ìdílé tẹ̀tẹ̀, oríṣi wọn sì tó nǹkan bí 70 káàkiri ayé. Ṣọkọyòkòtò pàápàá, ìbátan wọn tó jìnnà díẹ̀ ni. Èyí tí mo rà, Amaranthus tricolor ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Ẹ̀wù Jósẹ́fù, nítorí ẹ̀wù aláràbarà tí Jékọ́bù dá fún ọmọ rẹ̀ nínú Bíbélì. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ní ọdún 1597, nígbà tí ará London kan tó ń jẹ́ John Gerard tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé àti egbò jáde, ó fi ewé yìí wé ìyẹ́ ayékòótọ́, ó sì jẹ́wọ́ pé ẹwà rẹ̀ ju ohun tí òun lè ròyìn lọ.

Orúkọ Amaranthus gan-an, inú èdè Gíríìkì ló ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí kì í rọ. Ìdí ni pé bí a bá já orí òdòdó rẹ̀ tí a sá a gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí. Àwọn òyìnbó wá sọ ọ́ di àmì ohun tí kì í kú. Ní ọdún 1653, Ọbabìnrin Christina ti ilẹ̀ Sweden dá ẹgbẹ́ oyè kan sílẹ̀ láàfin rẹ̀, orúkọ òdòdó yìí ló sì sọ ọ́. Ẹ wo nǹkan! Ọbabìnrin ń fi orúkọ ìdílé tẹ̀tẹ̀ dá àwọn èèyàn pàtàkì lọ́lá, èmi ń tijú tẹ̀tẹ̀ nítorí ọ̀gá ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n ní Íńdíà àti ní Ṣáínà, ewé aláwọ̀ mẹ́ta yìí kan náà, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Òdòdó ẹnìkan, ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn ni.

Àtètèdáyé Tó Jẹ́ Àlejò

Tiwa ńkọ́? Oríṣi tẹ̀tẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa pọ̀. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún wà, tó ń hù kiri ààtàn, tó ń gún ni lọ́wọ́. Àwọn kéékèèké kan wà tó ń dá hù lẹ́yìnkùlé. Èyí tí wọ́n ń gbìn tà jù, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń dì ní ìdì-ìdì, Amaranthus cruentus ni. Àwọn àgbà a máa ki tẹ̀tẹ̀ ní àtètèdáyé, ìyẹn ni pé ó ti wà láyé kí ọ̀pọ̀ nǹkan tó dé. Àwọn oníṣègùn wa kì í fojú kékeré wò ó. Òun, òdúndún àti rinrin ni wọ́n jọ ń kà mọ́ ewé ẹ̀rọ̀, ewé ìtura.

Ẹnu á wá yà yín bí mo bá sọ pé àlejò ni cruentus yìí. Àwọn tó wádìí ìran rẹ̀ sọ pé àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní apá Mexico àti Guatemala, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Amẹ́ríkà láti ọdún 1492 ni irúgbìn ibẹ̀ tàn ká ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo ṣe dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ata tí ọbẹ̀ wa kò lè ṣe láìní.

Ṣé irọ́ ni àwọn àgbà wá pa? Rárá o. Àwọn oríṣi tẹ̀tẹ̀ mìíràn wà tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ jẹ irú rẹ̀ kan ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó Amẹ́ríkà, òmíràn sì wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí àlejò bá dé tó jọ ẹni ilé, tó sì ń ṣe bí ẹni ilé, kí ló kù ju ká fún un lórúkọ ẹni ilé lọ? Ọmọ tí wọ́n bí lánàá náà la ṣáà ń pè ní Babátúndé.

Oúnjẹ Ọba, Oúnjẹ Òrìṣà

Ní Mexico tí àlejò yìí ti wá, ewé rẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń jẹ. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń ṣa irú tó dára jù gbìn, títí wọ́n fi rí èyí tí hóró rẹ̀ funfun, tó sì pọ̀ lórí bí ọkà bàbà. Huauhtli ni àwọn Aztec ń pè é. Wọ́n á yan án lórí iná, á bú bíi gúgúrú. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, á di ìyẹ̀fun. Ìwé alàwòrán kan wà tí wọ́n ń pè ní Codex Mendoza, tí àwọn akọ̀wé ìbílẹ̀ Mexico ṣe ní nǹkan bí ọdún 1541. Ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford ló wà lónìí. Wọ́n ya ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ìlú ń gbé wá fún ọba Aztec lọ́dọọdún sínú rẹ̀, huauhtli sì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo àti ẹ̀wà, àká-àká.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ ọba nìkan ni, bóyá kò bá má rí wàhálà. Ohun tó kó o sí i ni pé òrìṣà ń lò ó. Àwọn obìnrin á lọ hóró rẹ̀, wọ́n á fi omi dídùn ewéko kan pò ó bí ẹni po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Tzoalli ni wọ́n ń pe èyí. Òun ni wọ́n fi ń mọ ère òrìṣà nígbà ọdún. Bí ọdún bá parí, wọ́n á fọ́ ère náà wẹ́wẹ́, wọ́n á sì pín in jẹ. Àlùfáà Bernardino de Sahagún, tó dé Mexico ní ọdún 1529, ló jókòó ti àwọn ọ̀mọ̀wé ìbílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n jọ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ní èdè àwọn ará ibẹ̀ gan-an.

Nínú ìwé yìí ni a ti rí ọ̀rọ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 1520. Hernán Cortés, olórí ogun Spain, ti jáde nílùú Tenochtitlan lọ sí etí òkun. Pedro de Alvarado ló fi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun díẹ̀. Àkókò ọdún Toxcatl tó. Àwọn obìnrin lọ hóró tẹ̀tẹ̀, wọ́n fi í mọ Huitzilopochtli, òrìṣà ogun wọn, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú jáde sí agbo ijó láìmú ohun ìjà lọ́wọ́. Bí ijó ti gbóná ni Alvarado ní kí wọ́n sé gbogbo ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idà ṣá àwọn oníjó àti onílù. Ọjọ́ náà ni ìlú dìde. Ogun tó tẹ̀ lé e kò rọlẹ̀ títí Tenochtitlan fi ṣubú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1521.

Lẹ́yìn ogun, àwọn àlùfáà Spain dojú kọ ère tzoalli. Ohun tó tiẹ̀ tún bí wọn nínú jù ni pé ó jọ tiwọn. Bí wọ́n ṣe rí i tí ènìyàn ń jẹ ohun tó pè ní ara òrìṣà, wọ́n rántí oúnjẹ mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Sátánì ló ń sín Ọlọ́run jẹ. Àwọn kan a máa sọ pé wọ́n ń gé ọwọ́ ẹni tó bá gbìn ín. Ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Èyí tó dájú ni pé ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ dáwọ́ dúró, àwọn oko rẹ̀ ńláńlá di oko ohun mìíràn, ohun tó jẹ́ ẹgbẹ́ àgbàdo di ohun tí ènìyàn ń fi ojú sá kiri kó tó lè rí.

Ohun Tí Wọ́n Pa Mọ́ Sílé

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù rèé. Ní ọdún 1629, ó ti lé ní 100 ọdún tí ìlú ti ṣubú. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Hernando Ruiz de Alarcón kọ ìwé láti fi tú àṣírí àwọn ohun tó pè ní ìbọ̀rìṣà láàárín àwọn ará abúlé. Lára ẹ̀sùn tó kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé bí huauhtli bá ti gbó, wọ́n á mú àkọ́so rẹ̀, wọ́n á fi mọ ère kékeré, wọ́n á gbé e síbi àdúrà inú ilé, wọ́n á tan àbẹ́là níwájú rẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á pín in jẹ. Ẹ gbọ́ ná: láti jẹ àkọ́so, ó di dandan kí ẹnìkan ti gbìn ín, láti gbìn ín, ó di dandan kí ẹnìkan ti tọ́jú irú. Fún 100 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnìkan ń tọ́jú irú. Kì í ṣe ọba, kò sí ọba mọ́. Àwọn ará ilé ni, àwọn tó ní ibi kékeré kan lẹ́yìnkùlé.

Títí di òní, tẹ̀tẹ̀ kò parẹ́ ní Mexico. Ní Tulyehualco, ní agbègbè Xochimilco tó wà ní gúúsù olú-ìlú wọn, àwọn àgbẹ̀ máa ń wa ẹrẹ̀ láti inú odò ẹ̀gbẹ́ oko, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ọṣẹ, wọ́n á wá wọ́n hóró díẹ̀ sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Chapín ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá hù tó dàgbà díẹ̀, wọ́n á gbé òun àti ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ gbìn sóko. Ìkòkò náà ni, àfi pé ẹrẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀. Hóró tí wọ́n bá kó ni wọ́n ń yan, tí wọ́n ń fi oyin tàbí ṣúgà so pọ̀, tí wọ́n ń tà lójú pópó. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè Spain ni alegría. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ayọ̀. Ní Íńdíà, níbi tí irúgbìn yìí dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú dídùn yìí kan náà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ ààwẹ̀.

Àwọn tiwa tí wọ́n kó lẹ́rú ré òkun kọjá náà kò gbàgbé rẹ̀. Ní Cuba, àwọn ọmọ Lùkùmí tó ń bọ òrìṣà ṣì mọ ewé yìí ní tete, orúkọ tí Màámi ń pè é. Ní Jàmáíkà, òun ni wọ́n ń pè ní callaloo. Bí ẹ bá dé àwọn ọjà gúúsù London, ẹ ó rí obìnrin Yorùbá àti obìnrin Jàmáíkà tí wọ́n jọ ń na ọwọ́ sí ìdì ẹ̀fọ́ kan náà, oníkálukú ń pè é ní orúkọ tirẹ̀.

Àwọn Tó Padà Wá a Wá

Ní ọdún 1950, Jonathan Sauer, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lórí oríṣi tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń jẹ hóró wọn. Ó tọ ipasẹ̀ wọn láti oko kékeré kan sí òmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í lajú. Ní ọdún 1975, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí ayé kò tíì lò tó bó ṣe yẹ. Ní 1984, wọ́n gbé odindi ìwé jáde lórí òun nìkan. Ọdún 1975 yẹn náà ni wọ́n dá NIHORT, ilé ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn, níbi tí tẹ̀tẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Wọ́n rí i pé ewé rẹ̀ ní èròjà tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ àti èyí tó ń ṣe ojú lóore. Wọ́n rí i pé bí oòrùn bá mú gan-an, tí ewéko mìíràn ń rọ, tẹ̀tẹ̀ a máa dàgbà nìṣó, nítorí pé ọ̀nà tó ń gbà lo atẹ́gùn àti oòrùn jọ ti àgbàdo àti ìrèké.

Agbára yìí kan náà ló sọ ìbátan rẹ̀ kan di ọ̀tá ní Amẹ́ríkà. Amaranthus palmeri ni wọ́n ń pè é. Àwọn olóko òwú gbára lé oògùn apakoríko kan tí wọ́n ń fín sí gbogbo oko. Ní nǹkan bí ọdún 2005, ní ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n rí i pé oògùn náà kò ran palmeri mọ́. Igi kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè so hóró tó ju 100,000 lọ. Àwọn olóko ńlá tó ní ẹ̀rọ olówó gọbọi tún padà háyà ènìyàn láti máa fi ọwọ́ tu koríko. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Kò tẹ́ láwùjọ èpò náà.

Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nínú Ìkòkò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú ńlá, tí ẹ kò ní ẹ̀yìnkùlé, tẹ̀tẹ̀ kò ní kí ẹ ra ilẹ̀. Ìkòkò, abọ́ ike tàbí àpò ìrẹsì tó jìn tó ìka-ọwọ́ nínà kan ti tó o. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má lo agolo ọ̀dà bíi ti Màámi, nítorí a ti mọ̀ báyìí pé òjé tó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ a máa wà nínú ọ̀dà. Ẹ má sì lo ike tí wọ́n fi gbé oògùn apakòkòrò rí.

Ilẹ̀ dúdú ni kí ẹ wá, kí ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Èyí tó ṣì tutù á jó o. Hóró rẹ̀ kéré jù, ọwọ́ kò lè wọ́n ọn dọ́gba. Nítorí náà, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ sì bu ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi sí i ni, ẹ má dà á. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan á yọjú. Bí wọ́n bá fún pọ̀ jù, ẹ fa díẹ̀ tu, kí ẹ fi se ọbẹ̀; èyí tó kù á rí àyè mí.

Oòrùn ló fẹ́. Inú pálọ̀ tí ẹ bá gbé e sí, á kàn ga gbọọrọ bí ọmọ tí kò jẹun kánú ni. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀, ní ìdí, kì í ṣe lórí ewé. Bí ẹ bá rí ihò lára ewé, ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò rẹ̀. Kò sí ìdí láti fín oògùn sí ohun tí ẹ máa jẹ lọ́la. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè fà á tu, tàbí kí ẹ gé orí rẹ̀ kí ìsàlẹ̀ tún rúwé. Ẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù kí ẹ tó fi sebẹ̀, pàápàá ẹni tí òkúta inú kíndìnrín bá ń dà láàmú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kó yọ òdòdó, kó gbó, kó gbẹ lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á sórí àtẹ, kí ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ tọ́jú hóró rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ. Ẹni tó bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ọjà ló máa padà sí.

Lẹ́bàá Gọ́tà

Ó kù díẹ̀ nínú ìtàn tèmi. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo da tẹ̀tẹ̀ Màámi nù, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Kò dárúkọ tẹ̀tẹ̀ sí mi létí mọ́, èmi náà kò sì mọ bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì lórí ẹ̀fọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀, mo jí ní ìdájí, mo gbọ́ ohùn Màámi lẹ́yìn ilé. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ibi tí mo da ilẹ̀ àwọn agolo yẹn sí. Ewéko tíntìntín ti bo gbogbo ibẹ̀. Mélòó kan nínú wọn ti gbó kí n tó dà wọ́n nù, n kò fiyè sí i. Hóró wọn ti wà nínú ilẹ̀ náà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó ní, “Àlàní, wá bá mi gbé abọ́.”

Mo gbé abọ́ wá. A jọ fi ọwọ́ wú wọn pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì gbé wọn padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, síwájú, níbi tí gbogbo títì ti lè rí wọn. Ìkòkò funfun tí mo rà la kọ́kọ́ gbìn kún.

Màámi ti lọ, ó ti pẹ́. Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, abọ́ méje ló wà lójú fèrèsé mi. Ìgò kékeré kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, hóró dúdú ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin mi ń lọ ilé ọkọ lọ́dún tó kọjá, ó kó abọ́ àti aṣọ, ó ní kò ku nǹkan kan mọ́. Mo ní kó dúró. Mo bu hóró díẹ̀ sí i lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ta á ní kókó sí etí gèlè rẹ̀.